Láptọ́ọ̀pù Tó Sùn Tí Kò Jí: Ohun Tó Yẹ Kí Ẹ Ṣe Kí Ẹ Tó Gbé E Lọ Sọ́dọ̀ Ẹnjiníà

“Ẹnjiníà, mo kàn pa á dé ni o. Mi ò jẹ́ kó já bọ́, omi ò kàn án. Ìgbà tí mo máa ṣí i, kò tàn mọ́.”

Kò sí ọ̀rọ̀ tí mo ń gbọ́ tó èyí lẹ́nu àwọn oníbàárà mi ní Computer Village, Ìkẹjà, níbi tí mo ti ń tún láptọ́ọ̀pù ṣe. Akẹ́kọ̀ọ́ tí ọjọ́ tó máa fi iṣẹ́ àṣekágbá rẹ̀ sílẹ̀ ti dé tán ń sọ ọ́. Akọ̀wé ṣọ́ọ̀ṣì ń sọ ọ́. Oníṣòwò tí orúkọ gbogbo àwọn tó jẹ ẹ́ lówó wà nínú ẹ̀rọ náà ń sọ ọ́, òógùn á sì ti bò ó. Àwọn mìíràn ti kọ́kọ́ gbé e lọ sọ́dọ̀ ẹlòmíràn, ẹni yẹn sì ti sọ fún wọn pé mọ́dábọ́ọ̀dù ló jóná.

Ohun tí mo fẹ́ sọ kò ju ọ̀kan lọ. Láptọ́ọ̀pù tó ń ṣiṣẹ́ dáadáa nígbà tí ẹ pa á dé, tí kò wá tàn nígbà tí ẹ ṣí i, ọ̀pọ̀ ìgbà ni kì í ṣe pé ó kú. Ó sùn ni, kò rí ọ̀nà jí. Bí a ṣe ń jí i wà, ó sì ní ẹsẹẹsẹ: èyí tí kò ná yín ní kọ́bọ̀ ló ṣáájú, èyí tó ń gba owó ló kẹ́yìn. Ẹni tó bá gba ẹ̀yìn bẹ̀rẹ̀ ló máa ń ra mọ́dábọ́ọ̀dù tí kò nílò.

Kí ló ń ṣẹlẹ̀ nígbà tí ẹ bá pa á dé?

Nínú ọ̀pọ̀ láptọ́ọ̀pù, òòfà kékeré kan wà ní etí ìdérí, ojú kò lè rí i. Nísàlẹ̀, ní sàkáání kíbọ́ọ̀dù, ẹ̀yà tíńtín kan wà tó ń ṣọ́ òòfà yẹn. Bí ìdérí bá ti wálẹ̀ tí òòfà sún mọ́ ọn, ẹ̀yà yìí á mọ̀ pé wọ́n ti pa ẹ̀rọ dé. Hall sensor ni wọ́n ń pè é, nítorí Edwin Hall, ọmọ Amẹ́ríkà kan, ló ṣàwárí ìlànà tó ń lò ní ọdún 1879. Ẹ fi òòfà yìí sọ́kàn, a ṣì ń bọ̀ lórí rẹ̀.

Bí ìròyìn bá ti kan Windows lára pé ìdérí ti wálẹ̀, bí ẹ kò bá tíì fọwọ́ kan ètò rẹ̀ rí, sísùn ló máa sùn. Àmọ́ oorun yìí ju oríṣi kan lọ.

Ẹ wo ìyá oníṣòwò lọ́jà. Bó bá fẹ́ yà síbì kan díẹ̀, á fi ọ̀rá bo ọjà lórí àtẹ, á ní kí ọmọdé kan máa bá òun wò ó. Oorun àkọ́kọ́ nìyẹn, èyí tí wọ́n ń pè ní sleep: gbogbo iṣẹ́ tí ẹ ṣí sílẹ̀ wà nínú RAM, ibi tí ẹ̀rọ ń kó iṣẹ́ ọwọ́ rẹ̀ sí fúngbà díẹ̀, iná díẹ̀ láti inú bátìrì ló sì ń ṣọ́ ọ. Bí iná yẹn bá tán, ohun tí ẹ kò tíì tọ́jú ti lọ nìyẹn. Ṣùgbọ́n bí ìyá yìí bá ń lọ sílé, á kó ọjà wọ ṣọ́ọ̀bù, á sì ti ilẹ̀kùn. Oorun kejì nìyẹn, hibernate: láptọ́ọ̀pù á kó ohun gbogbo láti inú RAM lọ sínú hard disk tàbí SSD, nínú fáìlì kan tó ń jẹ́ hiberfil.sys, á wá pa iná pátápátá.

Oorun kẹta ló ń fa wàhálà jù lóde òní. Modern Standby lorúkọ rẹ̀. Irú rẹ̀ àkọ́kọ́ bá Windows 8 dé ní ọdún 2012, Windows 10 sì fẹ̀ ẹ́ lójú ní 2015. Láptọ́ọ̀pù tó ń sun oorun yìí ò sùn tán. Ojú rẹ̀ ṣú, ṣùgbọ́n ó lè máa gba ìmeèlì, ó lè máa yọ́ wo íntánẹ́ẹ̀tì, gẹ́gẹ́ bí fóònù ṣe ń ṣe. Òun ló fà á tí ẹ fi lè pa láptọ́ọ̀pù dé, kí ẹ tì í sínú báàgì, kí ẹ kó sínú gósíló láti Ọ̀jọ́ta títí dé Ìkòròdú, kí ẹ sì bá a nílé kó gbóná bí nǹkan míì, bátìrì ti gbẹ.

Kí ẹ̀rọ tó lè jí padà, BIOS (ètò tó ń kọ́kọ́ jí kí Windows tó dé), Windows àti àwọn dráífà rẹ̀ (ètò tó ń bá ẹ̀yà ẹ̀rọ kọ̀ọ̀kan sọ̀rọ̀) gbọ́dọ̀ fẹnu kò. Ìlànà tí gbogbo wọn jọ ń tẹ̀lé ni ACPI, èyí tí Intel, Microsoft àti Toshiba gbé jáde ní oṣù Kejìlá ọdún 1996. Bí dráífà kan bá ti gbó, tàbí tí BIOS kò bá mọ ohun tí Windows tuntun ń sọ, ọ̀kan á jí, èkejì á ṣì máa hanrun. Ohun tí ẹ máa rí ni ojú dúdú.

Ẹ wò ó, kí ẹ tẹ́tí sí i

Ohun tí a bá fẹ̀sọ̀ mú kì í bàjẹ́. Ẹ má tíì tẹ bọ́tìnì kankan. Ẹ wo iná kékeré tó wà lára bọ́tìnì tàbí létí ẹ̀rọ, kí ẹ sì fetí sí fáànù.

Bí iná bá ń tàn díẹ̀díẹ̀ tó tún ń rọlẹ̀, ó ṣì ń sùn nìyẹn. Bí iná bá dúró digbí tí fáànù ń yí, ó ti jí, ojú rẹ̀ ni kò hàn. Bí kò bá sí iná, tí kò sí ìró kankan, iná kò dé ọ̀dọ̀ rẹ̀, tàbí kó jẹ́ pé ohun tó ń pín iná nínú rẹ̀ ti há. Kí ó lè dá yín lójú, ẹ tẹ Caps Lock. Bí iná rẹ̀ bá ń tàn tó ń kú bí ẹ ṣe ń tẹ̀ ẹ́, ẹ̀rọ yín wà láàyè, ó ń gbọ́ yín.

Bó bá jí, ṣùgbọ́n tí ojú rẹ̀ dúdú

Ẹ tẹ bọ́tìnì Windows, Ctrl, Shift àti B papọ̀. Ó sábà máa ń dún kín-ín lẹ́ẹ̀kan, ojú rẹ̀ á ṣẹ́jú. Ohun tí ẹ ṣe yẹn ni pé ẹ tún dráífà tó ń gbé àwòrán jáde bẹ̀rẹ̀, láìpa iṣẹ́ tí ẹ ń ṣe. Bí kò bá ṣiṣẹ́, ẹ fi bọ́tìnì ìmọ́lẹ̀ gbé ìmọ́lẹ̀ ojú rẹ̀ sókè. Mo ti rí èyí tí ọmọdé ti tẹ ìmọ́lẹ̀ rẹ̀ sílẹ̀ tán, tí bàbá rẹ̀ ti ń wá owó skríìnì kiri.

Lẹ́yìn náà, ẹ so ó mọ́ tẹlifíṣọ̀n pẹ̀lú wáyà HDMI. Bí àwòrán bá jáde lórí tẹlifíṣọ̀n, ọkàn ẹ̀rọ yín le dáadáa. Skríìnì tàbí wáyà rẹ̀ ni ká máa wò. Ẹ pa iná yàrá, kí ẹ tan tọ́ọ̀ṣì fóònù sí ojú rẹ̀ lẹ́gbẹ̀ẹ́. Bí ẹ bá rí àwòrán fírífírí lábẹ́ òkùnkùn náà, iná ẹ̀yìn skríìnì ló kú, àwòrán ṣì ń dé ibẹ̀.

Wáyà tó ń gbé àwòrán lọ sí skríìnì gba oríkèé ìdérí kọjá, níbi tó ti ń ká tó ń nà ní gbogbo ìgbà tí ẹ bá ṣí i tí ẹ sì pa á dé. Apple pàápàá kò mórí bọ́ níbẹ̀. Wáyà tó wà nínú MacBook Pro tí wọ́n ṣe ní 2016 kúrú, ó ń gbó díẹ̀díẹ̀, títí iná skríìnì á fi kú bí ènìyàn bá ṣí ìdérí kọjá ibì kan. Ní oṣù Karùn-ún ọdún 2019 ni Apple ṣèlérí láti tún irú èyí tí skríìnì rẹ̀ jẹ́ íǹṣì 13 ṣe lọ́fẹ̀ẹ́. Nítorí náà, bí ojú láptọ́ọ̀pù yín bá ń tàn nígbà tí ìdérí bá wà ní ìlàjì, tó sì ń ṣú bí ẹ bá ṣí i gbayawu, wáyà ni. Ẹ má jẹ́ kí ẹnikẹ́ni ta skríìnì fún yín.

Bí iná bá wà, ṣùgbọ́n tí kò dá yín lóhùn

Ẹ di bọ́tìnì tí ẹ fi ń tan ẹ̀rọ mú fún ìṣẹ́jú àáyá mẹ́ẹ̀ẹ́dógún láì tú u sílẹ̀, títí gbogbo iná á fi kú. Ohun tí ẹ kò bá tíì tọ́jú máa lọ, kò sí bí a ṣe máa ṣe é. Ẹ yọ ṣájà. Ẹ yọ fíláàṣì, máùsì, wáyà HDMI, ohun gbogbo tó bá so mọ́ ọn. Bí bátìrì bá ṣeé yọ láìtú ẹ̀rọ, ẹ yọ òun náà. Ẹ tún wá di bọ́tìnì yẹn mú fún ọgbọ̀n ìṣẹ́jú àáyá. Ẹ dá bátìrì padà, ẹ ki ṣájà nìkan bọ̀ ọ́, ẹ tàn án.

Àwọn tó rí mi tí mo ń ṣe é máa ń rò pé idán ni. Kì í ṣe idán. Ṣíìpù kékeré kan wà lórí mọ́dábọ́ọ̀dù tí iṣẹ́ rẹ̀ jẹ́ láti máa ṣọ́ bọ́tìnì, ìdérí, ṣájà àti bátìrì. Ṣíìpù yìí kì í sùn tán. Bí ẹ tilẹ̀ pa láptọ́ọ̀pù, ó ṣì ń ṣọ́. Bí òun gan-an bá há níbi tí ẹ̀rọ ti ń sùn tàbí tó ti ń jí, ẹ lè tẹ bọ́tìnì títí ilẹ̀ á fi ṣú, kò ní gbọ́, nítorí òun ló yẹ kó gbọ́. Àfi kí ẹ gba iná tó kù lára rẹ̀, kó lè bẹ̀rẹ̀ lákọ̀tun.

Àwọn láptọ́ọ̀pù ThinkPad kan tí bátìrì wọn wà nínú ní ihò kékeré kan lábẹ́ wọn fún iṣẹ́ yìí gan-an. Ẹ yọ ṣájà, ẹ fi pín-ìnnì tẹ ohun tó wà nínú ihò náà. MacBook tó ń lo M1, èyí tó jáde ní 2020, àti àwọn tó tẹ̀lé e kò nílò kí ẹ wá ihò kankan: ẹ di bọ́tìnì mú títí yóò fi kú, ẹ dúró díẹ̀, ẹ tún tàn án.

Bí kò bá sí iná rárá

Láptọ́ọ̀pù tó fi gbogbo òru sun oorun Modern Standby lè ti jẹ bátìrì tán débi pé bí ẹ bá ki ṣájà bọ̀ ọ́, kò ní mira. Ẹ fi sílẹ̀ lórí iná fún nǹkan bí ọgbọ̀n ìṣẹ́jú kí ẹ tó tún tẹ bọ́tìnì.

Ẹ wo ara ṣájà pẹ̀lú. Ọ̀pọ̀ ṣájà HP, Dell àti Lenovo máa ń kọ 19V, 19.5V tàbí 20V, pẹ̀lú 45W tàbí 65W. Èyí tí ẹ bá ń lò gbọ́dọ̀ bá ohun tí wọ́n kọ sí ìdí láptọ́ọ̀pù yín mu: V wọn kò gbọdọ̀ yàtọ̀, W ti ṣájà kò sì gbọdọ̀ kéré. Ṣájà HP àti Dell olórí róbótó ní pín-ìnnì tẹ́ẹ́rẹ́ kan láàárín. Òun ló ń sọ fún ẹ̀rọ irú ṣájà tó jẹ́. Bó bá ti tẹ̀ tàbí tó ti kán, Dell lè tàn síbẹ̀ kó má gba iná sínú bátìrì. Àwọn tó ń lo USB-C, ṣájà fóònù yín lè tan iná kékeré náà, kó má lágbára láti gbé láptọ́ọ̀pù.

Ọ̀rọ̀ òòfà yẹn

Àǹtí olùkọ́ kan wá láti Agége. Wọ́n ti sọ fún un níbòmíràn pé mọ́dábọ́ọ̀dù rẹ̀ ti lọ, nítorí láptọ́ọ̀pù náà máa ń ṣàdédé sùn níbi tó ti ń tẹ àmì àwọn ọmọ sínú rẹ̀, kò sì ní jí. Mo tàn án, ó tàn. Mo lò ó títí, kò sùn.

“Ó ti mọ̀ pé ọ̀dọ̀ ẹnjiníà lòun wà,” ni Àǹtí wí, ó sì ń rẹ́rìn-ín ìbínú.

“Ẹ jókòó síbí, mà. Ẹ lò ó bí ẹ ṣe máa ń lò ó nílé gẹ́lẹ́.”

Ó fa àga mọ́ra. Ó yọ fóònù rẹ̀ nínú báàgì, fóònù tó wà nínú àpò aláwọ tó ń pa ara rẹ̀ dé, ó gbé e sí apá òsì, lórí ibi tí ọwọ́ ń sinmi sí níwájú kíbọ́ọ̀dù. Kò tíì tẹ lẹ́tà kan tí ojú láptọ́ọ̀pù fi ṣú.

“Ẹ wò ó! Ẹ ti rí i báyìí?”

Mo gbé fóònù kúrò, mo tẹ bọ́tìnì, ó jí. Mo gbé fóònù padà, ó sùn. Òòfà tó ń pa àpò fóònù náà dé ni ẹ̀yà tó ń ṣọ́ ìdérí ń rí, ó sì gbà pé wọ́n ti pa ẹ̀rọ dé. Níwọ̀n ìgbà tí fóònù bá ṣì wà níbẹ̀, ìdérí ti wálẹ̀ lójú tirẹ̀. Àǹtí wo fóònù, ó wò mí, ó ní, “Owó mọ́dábọ́ọ̀dù tí mo ti ń yá káàkiri!”

Láptọ́ọ̀pù tí ẹ gbé lórí láptọ́ọ̀pù mìíràn lè ṣe bẹ́ẹ̀ pẹ̀lú, nítorí òòfà tó wà nínú ìdérí ti ìsàlẹ̀. Ẹ̀gbà ọwọ́ olóòfà náà ń ṣe é. Kí ẹ tó pe ẹ̀rọ lókùú, ẹ gbá ilẹ̀ àyíká rẹ̀ mọ́.

Bí iná bá ń ṣẹ́jú lọ́nà kan náà

Ọ̀rọ̀ ló ń sọ o. Láptọ́ọ̀pù tí kò lè gbé àwòrán jáde máa ń fi iná sọ ibi tó ń dùn ún. Lára ọ̀pọ̀ Dell òde òní, iná bátìrì á ṣẹ́jú ní àwọ̀ ọsàn, á tún ṣẹ́jú ní funfun, á sinmi, á tún un ṣe. Ẹ ka méjèèjì. Ọsàn méjì, funfun mẹ́ta: kò rí RAM. Ọsàn méjì, funfun mẹ́rin: RAM wà, ó ní àléébù. Ọsàn méjì, funfun kan: CPU, ọpọlọ ẹ̀rọ, ni. HP máa ń fi iná Caps Lock sọ tirẹ̀. Ẹ fi fóònù ya fídíò rẹ̀. Bí ẹ bá fi han ẹnjiníà tó mọṣẹ́, kò ní máa méfò.

Bó bá jẹ́ RAM, tí láptọ́ọ̀pù yín sì jẹ́ irú èyí tí RAM rẹ̀ ṣeé yọ, oògùn rẹ̀ kì í sábà wọ́n. A ó tú ìdí ẹ̀rọ, a ó yọ wáyà bátìrì kúrò kí a tó fọwọ́ kan ohunkóhun, a ó yọ RAM, a ó fi ìrésà funfun nu etí rẹ̀ tó ní àwọ̀ wúrà, a ó tì í padà títí á fi dún kẹ́. Eruku àti ọ̀rinrin ilẹ̀ wa máa ń jẹ́ kí etí náà ṣókùnkùn. Nínú àwọn kan, a tún máa ń rí bátìrì róbótó kékeré kan, CR2032, tó ń gbé 3V. Òun ló ń jẹ́ kí ẹ̀rọ rántí aago àti ètò BIOS. Bí òun bá ti kú, láptọ́ọ̀pù á máa gbàgbé ọjọ́, òmíràn ò tilẹ̀ ní gbà láti tàn.

Ìkìlọ̀ kan wà níbí tí ọ̀pọ̀ ènìyàn kì í gbọ́ títí ọ̀ràn á fi bọ́ sórí. Bí Windows yín bá ti fi BitLocker ti hard disk pa, tí a bá wá tún BIOS tò tàbí tí a pààrọ̀ mọ́dábọ́ọ̀dù, ó lè béèrè kọ́kọ́rọ́ oní-nọ́ńbà 48 kó tó ṣí. Ọ̀pọ̀ ìgbà ló máa ń wà nínú àkáǹtì Microsoft yín. Ẹ wá a jáde lónìí, ẹ kọ ọ́ sínú ìwé. Bí kò bá sí i, kò sí ẹnjiníà tó lè bá yín já a.

Nígbà tó bá ti jí

Ẹ má kàn dúpẹ́ kí ẹ máa lọ. Ohun tó mú un há lẹ́ẹ̀kan á tún mú un há. Ẹ gba BIOS àti dráífà tuntun láti ọ̀dọ̀ iléeṣẹ́ tó ṣe láptọ́ọ̀pù yín gan-an, kí bátìrì kún kí ṣájà sì wà lára rẹ̀ nígbà tí ẹ bá ń tún BIOS ṣe, nítorí bí iná bá lọ láàárín iṣẹ́ yẹn, wàhálà gidi ló kù.

Ẹ lọ sí Control Panel, ẹ wá Power Options, ẹ yan ohun tí ẹ fẹ́ kí ó ṣe bí ẹ bá pa ìdérí. Hibernate ni mo máa ń yàn fún àwọn oníbàárà mi nígbà tí ẹ̀rọ bá wà lórí bátìrì. Ibẹ̀ náà lẹ ó ti rí Fast Startup. Ẹ mú un kúrò. Òun ló ń jẹ́ kí Windows fi apá kan ara rẹ̀ pamọ́ sínú hiberfil.sys nígbà tí ẹ bá rò pé ẹ ti pa á tán. Bí fáìlì yẹn bá bàjẹ́, ẹ ṣí Command Prompt gẹ́gẹ́ bí Administrator, ẹ kọ powercfg /h off, lẹ́yìn náà powercfg /h on. Á dá tuntun. Bí ẹ bá kọ powercfg /a, á sọ irú oorun tí ẹ̀rọ yín mọ̀ ọ́n sùn fún yín.

Ìgbà tí ẹ gbọ́dọ̀ gbé e wá

Bí omi bá wọ̀ ọ́, bí ẹ bá gbọ́ òórùn jíjóná, tàbí tí ìdí rẹ̀ wú tí ibi tí ẹ fi ń tọ́ máùsì sì ń ga sókè, ẹ má dán ìkankan wò nínú ohun tí mo kọ. Bátìrì tó wú lè gbiná. Ẹ pa ẹ̀rọ, ẹ yọ ṣájà, ẹ má tẹ̀ ẹ́, ẹ má gún un, ẹ gbé e wá.

Bí ẹnjiníà bá sì sọ pé mọ́dábọ́ọ̀dù ni, ẹ béèrè lọ́wọ́ rẹ̀ pé: ṣé ẹ ti fi RAM mìíràn dán an wò? Ṣé ẹ ti so ó mọ́ skríìnì mìíràn? Ṣé ẹ ti wọn iná tó ń wọlé? Kí ó ṣe é lójú yín. Ẹni tó mọṣẹ́ kò ní bínú sí ìbéèrè yìí. Ẹni tó bá bínú, ẹ gba ẹ̀rọ yín lọ́wọ́ rẹ̀.

Ẹ jọ̀wọ́, bí ẹ bá fẹ́ gbé láptọ́ọ̀pù sínú báàgì, ẹ má kàn pa á dé. Ẹ tẹ Shut down, kí ẹ dúró kí iná kú. Kí ẹ sì ní ẹ̀dà iṣẹ́ yín síbòmíràn, ì báà jẹ́ inú fíláàṣì tàbí orí íntánẹ́ẹ̀tì. A máa ń rí mọ́dábọ́ọ̀dù rà ní Ìkẹjà. Iṣẹ́ àṣekágbá tó sọnù kì í ṣe ohun tí ẹnikẹ́ni ń tà níbẹ̀.